Àbẹ̀wò Ojú Irin Láti Orí Bẹ́ńṣì

Ìyá Aránṣọ ń rán aṣọ nínú ilé rẹ̀ tó kẹ́yìn sí ojú irin. Alábẹ̀wò ojú irin wọlé tòun ti garawa ọ̀dà pupa lọ́wọ́, ó sì ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó sọ owó nù.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

"Oo, káàbọ̀, Ọ̀gá Alábẹ̀wò. Bẹ́ńṣì rẹ nìyẹn, jókòó. Àmọ́ òní kì í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kì í sì í ṣe ọjọ́ Ẹtì."

"Àbẹ̀wò kọ́ ni mo bá wá, Màmá. Àbá òfin tuntun ló dé, òfin ààbò ojú irin. Ọ̀la làwọn aṣòfin ń bọ̀ wá gbọ́ tẹnu aráàlú kí wọ́n tó dìbò sí i. Ó ní ilé tí kò bá tó ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí irin ń wu ọkọ̀ léwu. Wíwó ni. Wọ́n ní ká ti máa fa àmì sí wọn lára."

Ìyá Aránṣọ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ilé mi ló ń wu ọkọ̀ léwu? Ṣé o ti rí ilé tó dìde nídìí ẹ̀ rí, tó lọ kọlu rélùwéè?"

"Ohun tí ìwé wí ni mo wí, Màmá."

"Ìṣísẹ̀ mélòó ni tèmi?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Ta ló kà á?"

Alábẹ̀wò wúkọ́. "Mo fojú bù ú ni."

"Láti ibo?"

"Láti orí bẹ́ńṣì."

Ìyá Aránṣọ mi orí. "Ó dáa. Ṣé ilé nìkan ni òfin yẹn bá wí?"

"Rárá o. Ó tún ní kí alábẹ̀wò máa fẹsẹ̀ rin ojú irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó máa fọwọ́ kan bóòtì kọ̀ọ̀kan tó de irin mọ́lẹ̀, kí ará àdúgbò kan sì jẹ́rìí sí i."

"Áà, òfin gidi! Ta ni ẹlẹ́rìí tìẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Mo ti kọ yín síbẹ̀."

"O mà láyà o! O fẹ́ wó ilé mi, o tún fẹ́ kí n dúró lórí àwókù kí n máa jẹ́rìí gbè ọ́."

Alábẹ̀wò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá bi yín lọ́la bóyá ẹ máa ń rí mi, kí lẹ máa wí?"

"Òótọ́ ni màá sọ. Pé fún ọdún mọ́kànlá, o ò pa ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan jẹ, o ò pa ọjọ́ Ẹtì kan jẹ."

"Ẹ̀yin ni màá máa gbàdúrà fún títí láé!"

"Pé o máa ń kọ́kọ́ bọ́ bàtà."

"Bàtà kẹ̀, Màmá?"

"Pé o máa ń mu omi tútù ife méjì, o á wá nasẹ̀, o á ní, 'Màmá, kí làwọn ife orí pẹpẹ wí?' Tí mo bá ní wọ́n kàn gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ kọjá, o á kọ ọ́ pé 'Ojú irin dára.' Tí mo bá ní ọ̀kan já bọ́, o á kọ ọ́ pé 'Bóòtì kan tú.' Ife mẹ́tàdínlógún ló ti fọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹnikẹ́ni ò kí mi kú àdánù."

"Màmá, ẹ bò mí láṣìírí! Ọmọ mẹ́rin ni mo ní."

"Mo mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo rán yunifọ́ọ̀mù wọn. Àmọ́ ká ní ẹ wó ilé yìí, níbo lo máa jókòó ṣàbẹ̀wò?"

Alábẹ̀wò wo bẹ́ńṣì, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, àánú ara rẹ̀ ṣe é gan-an. Ó rọra fi ẹsẹ̀ ti garawa ọ̀dà sábẹ́ tábìlì.

"Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, Màmá."

"Láàárọ̀ yìí, ife mẹ́ta já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ akérò ń bọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́."

"Ẹ má dààmú!" Ó fa ìwé yọ. "Bóòtì… mẹ́ta… tú. Ó ti parí."

"Ṣé ìwé ló máa dè é? A kì í gbélé ẹni ká fọrùn rọ́, èmi ò sì fẹ́ gbélé kí rélùwéè wá bá mi lórí ibùsùn. Tó bá yà kúrò lójú irin, kò ní í dúró ka ìṣísẹ̀ kó tó wọlé o! Dìde, lọ de bóòtì. Lọ́la, màá lè sọ pé mo rí ọ lórí irin. Ìwọ náà á sọ fáwọn aṣòfin pé kí wọ́n fi ilé mi sílẹ̀, pé alábẹ̀wò tó ń jókòó ló ń wu ọkọ̀ léwu."

"Mo gbà, Màmá, mo gbà!"

Ó wọ bàtà. Ó yọ sípánà kan lápò, ó tú u kúrò nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé ìtajà, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde bí ọmọ ogun. Inú Ìyá Aránṣọ dùn. Ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ohùn kan wá láti ojú irin. "Màmá!"

"Kí ló dé?"

"Ẹ má bínú o. Èwo gan-an ló ń jẹ́ bóòtì níbí?"

Ìyá Aránṣọ fò dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ aṣọ àwọn oníbàárà sínú àpò.

"Má fọwọ́ kan nǹkan kan! Sáré lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè, ní kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Tó o bá sì rí àwọn aṣòfin lọ́la, bá mi sọ fún wọn pé ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ò tó!"