Asopọ̀-má-já àti Pátákó Tí Kò Mọ Àmì Ohùn

Bí ẹ bá ń wá ọlọ́gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà. Ẹ lọ bá Asopọ̀-má-já, atún-kọ̀ǹpútà-ṣe. Òun fúnra ẹ̀ ló máa sọ fún yín pé òun ni. Tó bá ń tẹ̀wé, ojú ẹ̀ á wà lájà, àgbọ̀n á ga sókè. Ó ní ọmọ iṣẹ́ ló ń wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ẹni tó bá sì pe igbá ní ìgbà níwájú ẹ̀ ti ra wàhálà.

Ìyá Olóògùn ló ránṣẹ́ pè é. Pátákó oníná àtijọ́ kan wà lókè ṣọ́ọ̀bù ìyá, tí lẹ́tà pupa máa ń rìn lójú ẹ̀: A TI SI, E WOLE. Kò mọ àmì ohùn. Lẹ́tà lásán ló mọ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń bá a sọ̀rọ̀ nu ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀ nù kó tó kú, tuntun tí ìyá rà ò sì ní ihò tí wáyà pátákó, eléyín mẹ́sàn-án, lè wọ̀. Látìgbà tí pátákó ti ṣókùnkùn làwọn oníbàárà ti ń kọjá lọ. Bó bá ń lọ báyìí, ṣọ́ọ̀bù máa tì.

Asopọ̀ yọ wáyà kékeré kan lápò. "Alárinà rèé, Ìyá. Òun ló ń fi àtijọ́ mọ tuntun."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Alárinà ò ní tẹ́."

Àmọ́ ẹnì kan nílùú kejì ń wá irú pátákó yìí lójú méjèèjì, ojú Asopọ̀ sì ti wọ̀ ọ́. Ẹnu kọ̀ǹpútà ló yẹ kó kọjú sí etí pátákó. Ó mọ̀ọ́mọ̀ so ẹnu mọ́ ẹnu: àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

"Ìyá, ẹ ṣọkàn gírí. Ó ti kú. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé òkú ẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ ra tuntun lọ́wọ́ mi."

Omi lé sójú Ìyá. Ó jáde lọ bá àwọn ará àdúgbò.

Kíá, Asopọ̀ yí wáyà padà, ẹnu sí etí, kó lè dá a lójú pé ọjà ò bàjẹ́. Ó tẹ ẹyọ àmì kan, ó yọjú ní fèrèsé: ó ń tàn! Ó wá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó máa rà á, lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Ojú dájà, àgbọ̀n gòkè, ìka ń jó. Kò wò ó pé ojú ewé pátákó lòun ń tẹ̀ ẹ́ sí:

O N SISE DAADAA. IYA NAA KO MO. TETE GBE OKO WA.

Ariwo sọ níta, pẹ̀lú àtẹ́wọ́. "Wọ́n ti mọyì mi," ni Asopọ̀ wí. Ó tún kọ́là ṣe, ó jáde.

Oníbúrẹ́dì ló ń kà á sókè: "Tètè gbé ọkọ wá!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìyá. "Ẹ gbà mí o! Alárinà ti rí ọkọ fún mi, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, èmi ò sì mọ̀!"

"Ọkọ́ ni," ni télọ̀ wí. "Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko."

Asopọ̀ ò lè gbà á mọ́ra.

"Ẹ̀yin púrúǹtù! Ọkọ̀ ni! Ohùn ìsàlẹ̀! Ọkọ̀ akẹ́rù tó máa gbé pátákó yìí lọ kí Ìyá tó mọ̀ pé ó ń ṣi—"

Ó pẹ́ jù. Ẹnu ẹ̀ ti kọjú sí etí gbogbo àdúgbò.

"Parí ẹ̀," ni Ìyá wí. "Ṣebí o ní ó ti kú?"

Asopọ̀ sáré wọlé, ó fa wáyà yọ. Pátákó ò dúró. Irú àtijọ́ yẹn, ohun tó bá gbọ́ kẹ́yìn ló máa ń wí, àfi kéèyàn kọ òmíràn. Bó ṣe padà jókòó nìyẹn, tí gbogbo wọn dúró sẹ́yìn ẹ̀, tó ń tẹ A TI SI, E WOLE.

"Wo ọwọ́ ẹ bó o ṣe ń tẹ̀ ẹ́," ni Ìyá wí.

Ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Títí dòní, Gbé-ọkọ-wá ni wọ́n ń pe ọ̀gá wa. Ó ń gbọ́, ó ń dáhùn, kì í sì í tún ohùn ṣe fún ẹnikẹ́ni mọ́.