Fèrè Tí Mò Ń Fọn Lábẹ́ Bàálù

Bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi lọ́jọ́ kan, ọjọ́ Sátidé kan wà ní Ìsọlọ̀ tí n ò ní gbàgbé. Ọjọ́ náà ni mo fi fèrè da orin olórin rú níwájú gbogbo èèyàn, tí mo tún wá fi ẹnu ara mi sọ ìdí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí, kí ẹ má baà rò pé orí mi dàrú.

Ayé ń dùn nígbà yẹn, owó epo ti dé. Gbogbo àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá Ìsọlọ̀ ni wọ́n fowó kún owó oṣù wa. Ẹnìkan ra alùpùpù, ẹlòmíràn ra rẹ́díò, ọkùnrin kan tí a jọ ń tún ẹ̀rọ ṣe ra fìríìjì kó tó di pé iná mànàmáná wọ yàrá rẹ̀. Èmi ra fèrè. Kì í ṣe fèrè ọmọdé o. Tọ́ńpẹ́ẹ̀tì gidi ni, ó ń dán yanran, àpótí rẹ̀ sì ní aṣọ pupa nínú. Láti kékeré, ní Ṣágámù tí wọ́n ti bí mi, ni mo ti máa ń tẹ̀ lé àwọn tó ń fọn ọ́n nígbà Kérésì títí ìyá mi á fi wá mi dé òdìkejì ìlú. Ọjọ́ tí mo gbé tèmi délé, n ò lè jẹun. Mo ṣí àpótí, mo pa á dé, mo tún ṣí i. Inú mi dùn débi pé mo ń bá fèrè sọ̀rọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ orin kan wà ní Ìsọlọ̀ tí àwọn ará àdúgbò dá sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè ni wọ́n ń kọ́ wa. Bàbá kan tó ti fi fèrè jẹun títí tó fi fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ wa, Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n wà nínú báǹdì, wọ́n ń wọ kóòtù aláwọ̀ búlúù, wọ́n ń jókòó sórí àga. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, orí bẹ́ǹṣì là ń jókòó sí. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà mi wà, torí kò sí ẹni tó ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ nínú àwọn tá a jọ wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Èmi tí mo ti ń ronú àtigbéyàwó, orúnkún mi ń kan àgbọ̀n mi, ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń da itọ́ inú fèrè nù. Ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà náà ò ju kí n kúrò lórí bẹ́ǹṣì, kí n wọ kóòtù búlúù, kí n jókòó sórí àga láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi.

Tíṣà sọ bó ṣe yẹ ká máa kọ́ ọ nílé fún wa. Ìdajì wákàtí lójoojúmọ́. Ká máa fọn ọ́n jẹ́jẹ́, ká máa gbọ́ ohùn ara wa. Ibi tó bá ń ṣòro ni ká kọ́kọ́ mú, kì í ṣe ibi tó dùn, ká sì rí i pé a fọn orin dópin ká tó gbé e sílẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo fi ìwé náà sínú àpótí fèrè, n ò sì ṣí i wò mọ́.

Mafolúkù ni mo ń gbé, yàrá kan nínú ilé tí àwọn yàrá ti kọjú síra wọn. Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi fèrè sẹ́nu, n ò tíì fọn ọ́n tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí Ìyá Kafáyà, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, fi dúró sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú ìkókó lọ́wọ́.

"Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ fi ọmọ yìí ṣe? Látàárọ̀ ni mo ti ń rẹ̀ ẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

Kí n tó bẹ̀bẹ̀ tán, Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ti dé. Mùsùlùmí ará Ìsẹ́yìn ni, ó ń ta aṣọ ní Òṣòdì. Kì í pariwo, àmọ́ bó bá ti sọ̀rọ̀, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ó wo fèrè, ó wò mí.

"Ṣé ojoojúmọ́ lo fẹ́ máa fọn nǹkan yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tíṣà wa ló ní ká máa ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kò burú. Bí bàálù bá ń kọjá, fọn ọ́n. Bó bá ti kọjá, gbé e sílẹ̀. Bí bàálù bá ń kọjá, ta ló ń gbọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀?"

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yìn wa níbẹ̀ ni pápákọ̀ òfuurufú wà. Bí bàálù bá ń bọ̀ wálẹ̀, àwo á máa gbọ̀n lórí tábìlì, àwọn tó ń jà á dákẹ́ kó kọjá kí wọ́n tó máa bá ìjà wọn lọ. Owó epo sì ti jẹ́ kí bàálù pọ̀, ẹni tí kò dé Ìbàdàn rí ń lọ ra bàtà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rọ̀ Bàbá dùn mọ́ mi gan-an. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, màá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò, fèrè lórí itan, etí lókè. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ti ń gbọ́ bàálù ṣáájú gbogbo ará ilé. Bó bá ti ń hó bọ̀, mo ti gbé fèrè sẹ́nu. Bó bá dé orí òrùlé, màá fọn ọ́n pẹ̀lú gbogbo agbára mi, torí èmi náà fẹ́ gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Bó bá kọjá, màá gé e pàtì. Orin onílà mẹ́ta ni Tíṣà fún wa, bẹ́ẹ̀ bàálù kan kì í pẹ́ ju ìlà kan lọ. Bí òmíràn bá dé, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn jù. Ọjọ́ kan, bàálù ká mi mọ́ ilé ìwẹ̀. Mo fi ọṣẹ sójú sáré jáde, mo so táwẹ́ẹ̀lì mọ́dìí, mo fọn ìlà kan, mo padà lọ ṣan ara. Oṣù márùn-ún gbáko, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn fèrè mi nínú ilé yẹn. Èmi alára ò gbọ́ ọ.

Ní ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Àwa mẹ́jọ la jọ ń fọn tiwa pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ariwo àwọn ọmọ yẹn bò mí. Ẹ̀ẹ̀kan ni Tíṣà dá mi dúró, tó ní, "Tìẹ ń le jù. Báwo lo ṣe ń kọ́ ọ nílé?"

"Dáadáa ni, sà. Lójoojúmọ́."

N ò sì purọ́.

Nígbà tó yá, Tíṣà kéde ìdánwò. Ní Sátidé, níwájú àwọn òbí àti ará àdúgbò, kálukú wa á dá orin náà fọn. Ẹni tó bá fọn ọ́n dópin á wọ báǹdì. Ẹni tí kò bá lè ṣe é á wà lórí bẹ́ǹṣì fún oṣù mẹ́ta sí i. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo lọ wọn kóòtù lọ́dọ̀ Àǹtí Bísí, aránṣọ kan ní Òkè-Afá. Òun náà ló ń kọrin fún báǹdì. Ó ní kí n jẹ́ kí ìdánwò kọjá ná, mo ní kó máa gé aṣọ lọ. Mo pe gbogbo ilé wa. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù gbé agbádá wọ̀, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí òun ti ń fi bàálù bò látọjọ́ yìí.

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ní kí àwa tí a fẹ́ ṣe ìdánwò jókòó níwájú. Kí ara lè tu àwọn èèyàn, Tíṣà ní kí Àǹtí Bísí kọ́kọ́ kọrin. Obìnrin yẹn lóhùn. Orin ìyá tó ń rẹ ọmọ ló kọ, jẹ́jẹ́ ló ń kọ ọ́, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Èmi náà ti dijú. Ó kù díẹ̀ kó parí rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ bàálù lọ́ọ̀ọ́kán.

Mo búra fún yín, n ò rò ó. Ọwọ́ mi ló gbé fèrè. Bí bàálù ṣe dé orí òrùlé, mo dìde, mo fi gbogbo èémí mi fọn ìlà àkọ́kọ́. N ò mọ̀ pé bàálù tó ń gba Ìsọlọ̀ kọjá ga lókè ju tiwa lọ, kò lè bo ẹnikẹ́ni. Àǹtí Bísí ta gìrì sẹ́yìn, ó gbá igi tí wọ́n gbé ìwé orin lé ṣubú, ìwé fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Ìkókó Ìyá Kafáyà figbe ta. Nígbà tí bàálù kọjá, mo gé e pàtì, mo jókòó jẹ́ẹ́ mi. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé gbogbo ojú ló wà lára mi.

Tíṣà sún mọ́ mi. "Ta ló pè ẹ́?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ara ti ń yá mi tó bẹ́ẹ̀, kí èmi ṣíwájú. Mo dìde. Mo ṣì nírètí, torí kò sí ọjọ́ tí n kì í fọn orin yẹn. Mo gbé fèrè sẹ́nu. Ohun tó jáde níbi tó dákẹ́ rọ́rọ́ yẹn, bí ẹni ń wọ́ páànù lórí sìmẹ́ǹtì ni. Ẹ̀rù ohùn ara mi bà mí. Mo rọ́jú, mo ń sáré, mo fọn ìlà àkọ́kọ́ dópin. Ni ẹnu mi bá dá dúró. Kì í ṣe pé mo gbàgbé ìlà kejì, mo ń rí i níwájú mi lórí ìwé. Ọwọ́ mi ló sọ fèrè kalẹ̀ fúnra rẹ̀, mo sì dúró, mo gbójú sókè. Àwọn èèyàn rò pé ó ti tán, wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀.

"Máa bá a lọ," Tíṣà wí.

"Mò ń dúró ni, sà."

"Kí lò ń dúró dè?"

Ká ní mo purọ́ ni, ì bá sàn. "Bàálù, sà."

Ẹ̀rín tó bú sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn, kò ṣeé dá dúró. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká. "Tíṣà, ẹ má bínú. Èmi ni mo fà á." Ló bá ròyìn gbogbo rẹ̀, látorí ìkókó dé orí ilé ìwẹ̀ àti táwẹ́ẹ̀lì. N ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó rí mi lọ́jọ́ yẹn. Tíṣà fi ìwé bojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ọmọ yìí kọ́ nǹkan nílé o. Kó pariwo, kó sáré, kó dákẹ́, kó wòkè. Ohun tó kọ́ náà ló ṣe fún wa. Padà sórí bẹ́ǹṣì, oṣù mẹ́ta."

Ó dùn mí wọra. N ò lè gbórí sókè títí a fi délé. Ẹnu ọ̀nà ni Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ti dá mi dúró. "Mo ti gbọ́ ọ báyìí. Kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti Mọ́ńdè, bí aago márùn-ún bá ti lù, jókòó sí àgbàlá, kó o máa fọn ọ́n jẹ́jẹ́. Èmi náà á jókòó tì ẹ́."

Ó jókòó tì mí lóòótọ́, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Kò mọ nǹkan kan nípa orin, àmọ́ bí mo bá ti ṣì í fọn, á wúkọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì ìlà kejì tó le jù, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, jẹ́jẹ́, títí ikọ́ Bàbá fi dáwọ́ dúró, kí n tó mú èyí tó kàn. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, mo fọn orin náà dópin níwájú Tíṣà, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ tún un fọn. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ohun tí èèyàn bá ń ṣe lójoojúmọ́ ni ara rẹ̀ á gbé jáde lọ́jọ́ tí ojú bá pé, ì báà jẹ́ àṣìṣe. Oṣù márùn-ún ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá orin dúró, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jókòó sórí àga nínú kóòtù búlúù mi, Àǹtí Bísí dìde láti kọrin, àmọ́ kò bẹ̀rẹ̀. Ó wá síwájú mi, ó nawọ́. "Gbé e wá." Mo gbé fèrè mi lé e lọ́wọ́ láìjanpata. Ó gbé e fún Tíṣà pé kó bá òun dì í mú, kó tó bẹ̀rẹ̀ orin. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ní gbogbo ọdún tí mo fi wà nínú báǹdì, lójú gbogbo èèyàn tó bá pè wá sóde. Màá kàn fọwọ́ lẹ́rán, màá rẹ́rìn-ín, torí èmi náà ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé n ò ní fọn ọ́n.