Ọjọ́ Tí Mo Pe Ọ̀nárébù Lórúkọ Lórí Ìtàgé

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé títí ayé mi, bí mo tilẹ̀ ti gbìyànjú. Ọjọ́ Ìlú ni, ní ìlú ọkọ mi, ìlú kékeré kan lọ́nà Ìkọ̀lé. Olùkọ́ ni mí níbẹ̀, kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́. Mo tún wà nínú ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé ìlú náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí kí n tó wọ ọ́.

Ìjì ti ṣí òrùlé ilé ìwé wa láti ọdún tó ṣáájú. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ mi. Bí òjò bá ti ṣú, a ti palẹ̀ mọ́ nìyẹn, kálukú á gba ilé lọ. Nígbà tí Ọ̀nárébù wa ń wá ìbò, abẹ́ igi yẹn gan-an ló dúró sí tó ní páànù ń bọ̀. Ó wọlé, páànù ò dé. Ìgbà tí a wá gbọ́ pé ó ń bọ̀ níbi Ọjọ́ Ìlú, a ṣètò eré kan nípa olóṣèlú tó ṣèlérí afárá fún abúlé kan tí kò sì ṣe é. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe olóṣèlú náà. Wọ́n ní ohùn mi ló le jù.

Bàbá Ọ̀gá, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìntì, ni olórí ẹgbẹ́ wa. Ó kìlọ̀ fún mi nígbà tí a ń múra eré náà sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí eré sọ ọ́. Bí a bá dojú kọ Ọ̀nárébù lórí ìtàgé, ìjà ni yóò dà, a ò sì ní rí páànù.”

Mo ní, “Bàbá, tí a ò bá bá a sọ ọ́, yóò rò pé ẹlòmíràn ni.”

“Ṣé o tilẹ̀ mọ ọkùnrin náà?”

“Mo rí i nínú pósítà, mo sì rí i lábẹ́ máńgòrò, Sà.”

Ọkọ mi ti sọ fún mi rí pé ọkùnrin yẹn bá wọn tan. N kò kà á sí. Nínú agbo ilé wọn, kò sí èèyàn ńlá kan lórí rédíò tí wọn kì í sọ pé àwọn bá tan.

Ọjọ́ pé. Aago mẹ́wàá ni wọ́n pe Ọ̀nárébù, aago kan ló dé. A ti ṣe eré dé ìdajì nígbà náà, ni alága ètò bá ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí àlejò wa lè gbádùn rẹ̀. Agbádá ọkọ mi ni mo wọ̀, mo di ìrọ̀rí mọ́kùn kó lè yọ ikùn, mo sì fi tìróò ya irunmú. Oòrùn ti yọ́ irunmú náà dé àgbọ̀n mi kí a tó tún un bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀rí wá ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan dì í mú, mo ń fi ọwọ́ kejì ṣèlérí afárá.

Ọ̀nárébù ń rẹ́rìn-ín. Ó ń lu itan, ó yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, mo sì gbọ́ ọ dáadáa nígbà tó ní, “Irú àwọn olóṣèlú báyìí pọ̀ o.” Inú bí mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo há sórí ló fò lọ.

Mo rìn wá sí etí ìtàgé. Mo fi ohùn tí mo fi ń pe orúkọ ní kíláàsì pè é, orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. N kò ní kọ orúkọ náà síbí, ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Mo ní, “Dìde dúró.” Ó dìde. N kò rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ ìgbà tó dìde.

Mo ní, “Páànù tí o ní ó ń bọ̀ dà?”

Inú mi dùn sí ara mi gan-an, ìgbà kan ṣoṣo tí inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Ni Màmá Ìdó bá dìde lábẹ́ kánópì. Òun ni ìyálé gbogbo àwa ìyàwó ilé, Ìdó ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá kí wọ́n tó bí mi. Ó tún ìró rẹ̀ dì, ó ń bọ̀ níwájú. Mo rò pé ó fẹ́ wá gbè mí lẹ́yìn ni.

“Ìyàwó, ta lò ń pè lórúkọ?”

“Ọ̀nárébù ni, Mà.”

“Ọkọ ulé ni. Ulé wa ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí kó tó kó lọ Ọ̀tùn. Òun náà ti ń lọ ulé ìwé kí wọ́n tó gbé ọ wọlé. Ọkọ rẹ ni. Kúnlẹ̀.”

Mo dàgbà ju ọkùnrin náà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sí ilé ọkọ rẹ̀ kó tó wọlé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Orúkọ mìíràn la máa ń sọ wọ́n. Mo ti ní Akọ̀wé, mo ní Ìbàdíàrán, mo tilẹ̀ ní Adúmáadán kan tó ń gun ọ̀kadà. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwà ni mo wá dúró níwájú gbogbo ìlú, tí mo pe ọkọ ní orúkọ àbísọ, tí mo tún ní kó dìde.

Mo kúnlẹ̀, tagbádá tirunmú. Bí mo ti ń kúnlẹ̀ ni ìrọ̀rí já bọ́, ó yí kúrò lórí ìtàgé, ó lọ dúró síbi bàtà Ọ̀nárébù. Ó gbé e, ó gbọn eruku rẹ̀, ó mú un wá fún mi tọwọ́tọwọ́. Ẹ̀rín tí àwọn èèyàn rín, a ò rí irú rẹ̀ gbà nínú eré náà látìbẹ̀rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ má bínú, ọkọ mi.”

Màmá Ìdó ní, “Kò tíì tán. Fún un lórúkọ tìrẹ, kí a gbọ́.”

Orí mi ti dàrú. Àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé ọgbọ́n ni mo dá, n kò ní parọ́, kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Ohun tó ti wà lẹ́nu mi láti àárọ̀ nìkan ló jáde.

Mo ní, “Páànù-ń-bọ̀.”

Màmá Ìdó yíjú sí Ọ̀nárébù, òun náà sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. “Páànù-ń-bọ̀, àwa ìyàwó rẹ kí ọ o.” Ni gbogbo ìyàwó ilé bá gbà á. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ fi máa gbéra, àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń sáré tẹ̀lé e, wọ́n ń pe orúkọ náà. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jà Ìkọ̀lé. Kò sì lè bínú, nítorí orúkọ tí ìyàwó bá sọni, a kì í kọ̀ ọ́.

Kí òjò ọdún tó tẹ̀lé e tó bẹ̀rẹ̀, páànù dé. Wọ́n kàn án láti ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé lọ, ó dára púpọ̀. Kíláàsì tèmi ló wà nípẹ̀kun ilé. Kó tó dé ibẹ̀ ni páànù ti tán.

Bàbá Ọ̀gá ṣì gbà pé kò yẹ kí òṣèré dojú kọ olóṣèlú lórí ìtàgé. Èmi ṣì gbà pé ó yẹ, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ pé kí n kọ́kọ́ bi Màmá Ìdó bóyá ọkọ mi ni. Nígbà tí Ọ̀nárébù tún wá sílé, mo sáré láti ilé ìwé lọ kúnlẹ̀ dáadáa, mo kí i, mo wá sọ ti kíláàsì mi fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyàwó mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ mí lórúkọ. Ẹ ò pè mí ní Páànù-dé.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Òjò ti ń ṣú. Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀, mo lọ palẹ̀ àwọn ọmọ mi mọ́ lábẹ́ máńgòrò.