Wáìfáì Ojú Fèrèsé Balùwẹ̀

Ọjọ́bọ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé, bí mo tilẹ̀ fẹ́ kí ó kúrò. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo jókòó lórí ìdérí tọ́ílẹ́ẹ̀tì nínú ilé kan ní Dagenham, mo wọ kóòtù, mo so táì, ṣòkòtò péńpé tí mo fi sùn ló sì wà ní ìdí mi. Kọ̀ǹpútà mi wà níwájú mi lórí pákó tí a fi ń lọ aṣọ. Mò ń dúró de àwọn tí yóò pinnu bóyá n óò dúró ní ìlú òyìnbó tàbí n óò di ẹrù mi padà sílé.

Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹni tó kàwé ṣe ń dé irú ibẹ̀. Kì í ṣe ìwà wèrè ló gbé mi débẹ̀. Ìrònú tó gún régé ni, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, èyí ló sì dùn mí jù.

Ilé Dádì ni mò ń gbé. Kì í ṣe bàbá tó bí mi; ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, wọ́n jọ ṣe ọmọ ilé ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde, òun ló sì gbà mí sílé nígbà tí mo wá kàwé gboyè kejì. Ó ń wa lọ́rì ní Dagenham Dock. Iṣẹ́ alẹ́ ni, nítorí náà òwúrọ̀ ló máa ń sùn. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, jẹ́ Aládùúrà pọ́ńbélé: ọjọ́ tí kò bá bá àwọn àbúrò rẹ̀ ní Nàìjíríà gbàdúrà lórí fóònù, ọjọ́ náà kò tíì mọ́. Dádì máa ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rò pé oríyìn ni.

Ilé iṣẹ́ tó ń fún wa ní íńtánẹ́ẹ̀tì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pé owó tún máa gòkè, bí ó ṣe gòkè lọ́dún tó kọjá. Dádì gbé fóònù rẹ̀ wá síwájú mi.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, bá mi wo nǹkan yìí. Ṣé wúrà ni wọ́n fi ń hun íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ni?"

Èmi kì í dáhùn ọ̀rọ̀ kí n tó wọ̀n ọ́n wò. Mo gbé e yẹ̀ wò fún ọjọ́ mélòó kan. Mo rí i pé àwọn mìíràn wà tí wọn kì í lo wáyà rárá: wọ́n á fún èèyàn ní ráútà kékeré kan tí síìmù wà nínú rẹ̀ bíi ti fóònù, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì tiwa. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò dé ilé wa? Mo dá ara mi lóhùn báyìí pé: orílẹ̀-èdè kékeré ni orílẹ̀-èdè yìí. Gbogbo rẹ̀, títí kan Skọ́tílándì, kò tó ìdajì Nàìjíríà. Ilẹ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀, tó sì lówó tó bẹ́ẹ̀, níbo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì fẹ́ sá sí?

Ẹ tún ìrònú náà kà. Títí di òní n kò rí ibi tó ti wọ́. Ilé wa ló wọ́.

Dádì fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì ọdún méjì, a sì fagi lé ti tẹ́lẹ̀, nítorí n kò rí ìdí tí a fi máa san owó méjì pọ̀. Ráútà dé, ó funfun, ó dà bíi páálí mílíìkì. Mo gbé e sí pálọ̀, iná pupa. Mo gbé e sí kíṣìnì, iná pupa. Mo gbé e gun orí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ Mọ́mì, pupa náà ni. Mo gbé e yí gbogbo ilé ká bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbé ọmọ tó ń sunkún, Dádì sì ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé ó ń wá yàrá tó wù ú ni?"

Ìgbà tí mo gbé e dé ojú fèrèsé balùwẹ̀ lókè, láàárín ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ni iná náà di àwọ̀ ewé. Ó yá bí àṣá níbẹ̀. Àmọ́ bí èèyàn bá ti fi ẹsẹ̀ kan kúrò ní balùwẹ̀ báyìí, ó pin.

"Balùwẹ̀?" Mọ́mì ní. "Nínú gbogbo ilé yìí, balùwẹ̀ ló yàn?"

"Onímọ̀ọ́tótó ni," Dádì dá a lóhùn. "Ẹ fi í sílẹ̀."

Báyìí ni gbogbo wa ṣe di ará balùwẹ̀. Etí bááfù ni Mọ́mì ń jókòó sí ṣe àdúrà òwúrọ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ á máa bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n wa, kí ló dé tí ohùn yín ń dún bí ẹni wà nínú kànga?" Dádì tó ti ibi iṣẹ́ dé, tó fẹ́ wẹ̀ kó sùn, á jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn, á máa wúkọ́. Mo máa ń gbọ́ tó ń kùn pé: "Ọkùnrin wa lọ́rì mọ́jú, ó délé, wọ́n ní kó dúró de Àmín." Kò bá mi jà rí. Ì bá sàn kí ó bá mi jà.

Ní àkókò yẹn, físà mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo ti kọ̀wé wáṣẹ́ títí ìka mi fi ń ta mí, ilé iṣẹ́ kan péré ló sì gbà pé àwọn lè gba ìwé ìgbélùú fún mi tí mo bá yege. Wọ́n fi íńtáfíù sí aago mẹ́wàá Ọjọ́bọ̀, lórí fídíò. Mo wá ibòmíràn lọ. Ilé ìkàwé kì í fẹ́ ariwo. Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Gascoigne Estate ní kí n máa bọ̀, àmọ́ wọ́n ń wó ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, àwo ìjẹun ń gbọ̀n lórí tábìlì rẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n títí, balùwẹ̀ ló borí.

Mo bẹ gbogbo ará ilé. Dádì wẹ̀ kíákíá, ó lọ sùn. Mo yá Mọ́mì ní fóònù mi kí ó lè fi dátà tó wà nínú rẹ̀ gbàdúrà ní kíṣìnì. Àwọn sùtánà funfun rẹ̀ tó sá sókè bááfù, mo tò wọ́n sẹ́yìn mi kí táìlì má bàa hàn. Lórí fídíò, wọ́n dà bíi kọ́tìnnì ọ́fíìsì. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ti bàjẹ́ kí n tó dé ilé náà, ṣùgbọ́n mo ní kò léwu, gbogbo ará ilé ló ti gbọ́. Ẹni tí kì í ṣe ará ilé ni n kò kà mọ́ ọn.

Íńtáfíù bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Obìnrin kan àti ọkùnrin kan ni wọ́n. Ọkùnrin náà ní kí n sọ ìgbà kan tí mo fi ìwádìí dín ìnáwó kù. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi ni mo lò: mo sọ ìtàn íńtánẹ́ẹ̀tì ilé wa. Mo sọ iye tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, mo sọ iye tó kù sí. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. N kò kàn sọ ibi tí mo jókòó sí ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Èyí dára gan-an," ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Lọ́kàn mi, mo ti ń ra bàtà tí n óò máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí.

Bàbá Àgbà ni. Òun ló dàgbà jù nínú ìjọ Mọ́mì, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó wá kí Mọ́mì láti Barking, bọ́ọ̀sì sì ti gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Nígbà tí Mọ́mì ń se tíì lọ́wọ́, ó ti rọra fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn.

N kò pinnu ohun tí mo ṣe yẹn. Ara mi kò bi mí léèrè. Bí mo ti rí irùngbọ̀n funfun náà, àyà mi ti kan ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ohun tí àwọn òyìnbó rí ni pé ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ranjú, ó dìde díẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀ gbì!

"Háà! Ọmọ dáadáa!" Bàbá Àgbà ní. "Ó wọ kóòtù, ó sì tún mọ ìdọ̀bálẹ̀! O ò ní ṣubú!"

"Àmín, sà."

"Ilẹ̀ ò ní gbé ọ mì!"

"Àmín."

Látinú kọ̀ǹpútà, obìnrin náà ń pè mí: "Ẹ ń gbọ́ wa? Ṣé kò sí nǹkan?" Mo gbọ́ ọ. Àmọ́ àgbà ń súre lórí mi, ìre tí èèyàn bá sì já láàárín, ta ló mọ ibi tó máa bọ́ sí?

"Gbogbo ibi tí o bá wọ̀, wọn á gbà ọ́!"

"Àmííín!" Èyí ni mo pariwo jù.

Bàbá gbọ́ ohùn òyìnbó, ó wò yíká. "Ta ló tún wà níbí? Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe Àmín." Lẹ́yìn náà ló wá fi ọ̀pá kàn mí léjìká. "Dìde, ọmọ mi, yàgò fún mi. Ohun tó gbé mi dókè yìí kò ní sùúrù." Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára bẹ́líìtì, ojú kọ̀ǹpútà mi sì kọjú sí ìjókòó náà gan-an.

Ohun méjì ló wà níwájú mi láti gbà là: iṣẹ́ mi àti ọlá àgbà. Mo gbá kọ̀ǹpútà mọ́ra, mo bẹ́ síta. Mo ṣì rí ojú obìnrin náà ní ọ̀nà ìta, ó la ẹnu sílẹ̀, kò pa á dé. Lẹ́yìn náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì pin, ojú kọ̀ǹpútà sì dúdú.

Nínú balùwẹ̀, Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn, jẹ́jẹ́, ẹsẹ tẹ̀ lé ẹsẹ. Mo sáré lọ gba fóònù mi lọ́wọ́ Mọ́mì. Dátà ti tán. Àdúrà ti mu ún.

"Ṣé o ti parí ni?" Mọ́mì bi mí. "Kí ni wọ́n wí?"

"Mọ́mì, Bàbá Àgbà wà nínú ọ́fíìsì mi."

Orin náà kò tíì parí tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn ìta. Àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì ni, méjì, wọ́n wọ aṣọ àwọ̀ ewé, wọ́n gbé báàgì. Dádì jí, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. "Ta ló kú?"

Wọ́n ní àwọn kan tó ní àdírẹ́sì wa lọ́wọ́ pè pé ọ̀dọ́kùnrin kan ṣubú lójú àwọn, àgbàlagbà kan sì ń pariwo lé e lórí.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ní o ṣubú."

"N kò ṣubú, Dádì. Mo dọ̀bálẹ̀ ni."

Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún òyìnbó tó gbé báàgì lọ́wọ́. Mọ́mì ní kí òun fi hàn wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, ni ọ̀kan nínú wọn bá sáré gbá a mú, ó rò pé òòyì ti ń kọ́ Mọ́mì náà. Wọ́n fi ẹ̀rọ so mí lápá. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru díẹ̀, ṣé ohun kan ń dà mí láàmú? Ìgbà yẹn gan-an ni Bàbá Àgbà sọ̀ kalẹ̀, ó ń nu ọwọ́. Ó wo gbogbo wa.

"Ẹ ò rí i? Mo ní ilẹ̀ ò ní gbé e mì."

Mo padà sí balùwẹ̀, mo kọ ímeèlì àlàyé. Obìnrin náà fèsì pé inú àwọn dùn pé mo wà láàyè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó lé, wọ́n kọ̀wé pé àwọn ti mú ẹlòmíràn. Wọn kò sọ ìdí. Bóyá ẹni náà mọ iṣẹ́ jù mí lọ, n kò ní ẹ̀rí pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Dádì, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ owó yẹn wá bá ọ," ó sì lọ sùn. N kò tún rí iṣẹ́ mìíràn kí físà tó tán.

Òwúrọ̀ tí mo ń lọ, Dádì ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, kò sùn, ó gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ kan sáré bọ̀ láti òkèèrè, ó ń kígbe.

"Ara rẹ̀ le," Dádì sọ fún un. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì, títí omi fi bọ́ lójú wa. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀rín ló mú gbogbo omi náà wá.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kékeré ìlú kò sọ bí ògiri ilé ṣe nípọn tó. Ẹni tó bá sì fẹ́ gé owó kù, kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí owó náà ń rà fún un. Owó wáyà tó wọ́n yẹn, ilẹ̀kùn tí èèyàn lè tì sẹ́yìn ara rẹ̀ ló ń rà fún wa.

Mọ́mì pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní kí n má ronú mọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dé pálọ̀ báyìí, pálọ̀ lòun ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Èmi kò sí níbẹ̀, n kò lè jẹ́rìí sí i. Ohun tí mo fi etí ara mi gbọ́ ni pé ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni wà nínú kànga, àti pé lókèèrè, níbi tí àtẹ̀gùn yẹ kó wà, ọkùnrin kan wúkọ́.