Bí Irùngbọ̀n Alábẹ̀wò Ṣe Há sí Mákanjúọlá Lọ́wọ́

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko? Ẹ jókòó dáadáa. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ o!

Tíṣà kan wà lápá Èkìtì, Fálódún lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Tíṣà Àrá ni gbogbo ìlú ń pè é. Bó bá ti bú jáde pé "Èjì lọ́nà mẹ́ta!", adìẹ ọ̀gá ilé-ìwé á sá wọgbó, àwọn ọmọ á sì gbàgbé èyí tí wọ́n mọ̀. Tíṣà á ní orí wọn ló le, á tún pariwo sí i.

Nígbà tó yá, Morádékẹ́ aya rẹ̀ bímọ lóṣù méje. Wọ́n sọ ọmọ ní Mákanjúọlá, àmọ́ ó ti kánjú kí wọ́n tó sọ ọ́! Ọmọ ọ̀hún ò ju ọmọ ẹyẹlé lọ. Ara ìyá ò tíì yá, ni nọ́ọ̀sì bá ní kí bàbá máa gbé e sáyà, kí ooru ara rẹ̀ máa mú un.

"Ẹ má pariwo lé e lórí o. Kò tíì lágbára."

Tíṣà fi ìka sí i lọ́wọ́. Ọwọ́ náà ò dì í mú. Ẹ̀rù bà á, ó sunkún.

Bí wọ́n ti délé, ó fọ̀já di ọmọ máyà, ó da agbádá bò ó, ó gba kíláàsì lọ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí lọ, "èjì lọ́nà mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́?"

Àwọn ọmọ rò pé àìsàn ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọkàn wọn balẹ̀. Kódà Àyọ̀ká, tó máa ń sunkún bó bá ti rí pátákó, ní, "Ẹ̀fà ni, sà."

"Háà! Àṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ kì í jẹ́ kí n ráyè rántí ni, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Tíṣà wọra.

Àfi ọjọ́ tí alábẹ̀wò ilé-ìwé dé, tòun ti irùngbọ̀n gbọọrọ. Iṣu oko ilé-ìwé ti ń sọnù. Ó rí Tíṣà tí agbádá rẹ̀ wú níwájú, tó sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Olè! Iṣu ìjọba lo kó sábẹ́ aṣọ!"

"Ẹ rọra, sà..."

"Rọra kẹ̀?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa agbádá sókè. Mákanjúọlá tají, ó sì gbá irùngbọ̀n mú. Alábẹ̀wò fà á, ọmọ dì í mú. Ó tún fà á tagbáratagbára, ó wá le koko!

"Yéè! Ẹ gbà mí o!"

"Ṣṣṣ!" ni gbogbo kíláàsì wí.

Tíṣà ò tilẹ̀ rántí pé wọ́n pe òun lólè. Omijé ayọ̀ ti bò ó lójú. "Ó dì í mú! Ọmọ mi ti lágbára! Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fà á díẹ̀ sí i kí n wò ó!"

Ìgbà tó wòran tẹ́rùn, ó rọra fi ìka ra ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ. Ọwọ́ ṣí. Irun kan ò já.

Alábẹ̀wò fọwọ́ ra àgbọ̀n. Ó fẹ́ pariwo bi àwọn ọmọ ní ìṣirò, ó wo Mákanjúọlá, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Gbogbo wọn ló nawọ́, gbogbo wọn ló dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ó mi orí, ó ní, "Tíṣà, òótọ́ ni òwe àwọn àgbà o. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko."