Sàídù Fẹ́ Ya Ẹyẹ

Rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìlọrin nígbà náà. Sàídù onífọ́tò, tó kọ́ṣẹ́ dé láti Èkó, tí ẹnu rẹ̀ kò sì níwọ̀n, ti lérí fún Òyìnbó rélùwéè pé kò sí ohun tí òun ò lè yà, títí kan ẹyẹ. Bó bá rí ẹyẹ yà kí ilẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ Òyìnbó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ló bá gbé àpótí fọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ agbo-ilé Ìyá Asabe ní àdúgbò Gàmbàrí, níbi tí ológoṣẹ́ kan ti máa ń kọrin.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Ìyá. Mo fẹ́ ya ológoṣẹ́ yín."

Ìyá gbá ìgbálẹ̀ mú. "Kí ló ṣe ọ́ tóo fi fẹ́ fà á ya?"

"Rárá o! Mo fẹ́ yà á ni, n ò ní mo fẹ́ ya á!"

"Ẹyẹ tó ń jí mi kírun àsùbáà! Bóo bá wá yà á tán ńkọ́?"

"Màá fomi fọ̀ ọ́."

"Hẹ̀n-ẹ́n."

"Màá sá a. Màá wá gé e létí."

"Etí! Níbo lo ti rí etí ẹyẹ? Astagafurulai! Ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó gé e, ó ku ata!"

"Ìwé fọ́tò ni màá fọ̀, Ìyá! Ìwé ni màá gé! Ẹ wá fojú ara yín wò ó."

Ó ká aṣọ dúdú ẹ̀yìn àpótí sókè, Ìyá ki orí bọ̀ ọ́. Ológoṣẹ́ ń kọrin tirẹ̀ lórí okùn aṣọ.

"Yéè! Ó ti so ẹyẹ mi rọ̀! Ẹsẹ̀ lókè, orí nísàlẹ̀!"

Ìyá yọrí: ẹyẹ nàró. Ó ki orí bọ̀ ọ́: ẹyẹ dorí kodò. Ó yọrí, ó tún ki orí bọ̀ ọ́, gèlè já bọ́. Sàídù rẹ́rìn-ín títí tó fi fọwọ́ di ikùn mú.

"Bí àpótí yẹn ṣe ń ríran nìyẹn, Ìyá. Ohun gbogbo ló ń dorí kodò nínú rẹ̀. Kì í pa nǹkan kan lára."

"Wálàhí?"

"Wálàhí!"

"Ó dáa. Yà á."

Sàídù bẹ̀rẹ̀ wọnú aṣọ dúdú, ẹyẹ fò. Ó jáde, ẹyẹ bà. Ó padà wọnú aṣọ, ẹyẹ tún fò! Oòrùn ń wọ̀, inú Sàídù ń gbóná. Àfi fìrì tí ológoṣẹ́ bà lé Ìyá lórí, tó bú sórin.

"Ìyá! Ẹ má mira! Màá ya yín pọ̀!"

Ìyá fọwọ́ méjèèjì di ìró rẹ̀ mú pinpin. "Nínú àpótí adorí-kodò yẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá! Ṣebí ẹyẹ náà dorí kodò, kí ló ṣe é?"

"Ẹyẹ ò róṣọ, ìwọ ọmọ yìí! Èmi ni mo róṣọ!"