Ẹlẹ́dẹ̀ Tó Gbọ́ Ohùn Wúràọlá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló mọ̀ nínú yín ibi tí àwọn àgbà ti rí i tí wọ́n fi ń pa á lówe pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo ti mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ìwọ tó ò ń mi orí níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n bá ní kí o sọ ọ́, o máa ní ẹlẹ́dẹ̀ kan wà, ọgbà kan wà, ó parí. Ta ló ni ọgbà? Kí ni ẹlẹ́dẹ̀ ń wá lọ síbẹ̀? Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, nítorí ìyá ìyá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Àga rẹ̀ ni ẹlẹ́dẹ̀ náà kọ́kọ́ bì ṣubú.

Ní ìlú Òkè-Ìyeyè, káfíńtà kan wà tó ń jẹ́ Láníhùn. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Wúràọlá, Àríkẹ́ ni oríkì rẹ̀, iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe. Kò sóhun tí tọkọtaya yìí fẹ́ràn tó orin. Bí okùn gìtá Láníhùn bá já, kò ní jẹun títí yóò fi rí òmíràn. Tó bá ti di ọ̀sán Sátidé, wọ́n á tilẹ̀kùn, Láníhùn á gun kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀, Wúràọlá á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú gìtá àti abọ́ àkàrà, ó di ọgbà Ọ̀gá Sóyẹmí. Àwọn ará àdúgbò a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Àgbà méjì tó ń lọ ṣeré bí ọmọdé!" Wọn kì í dáhùn. Ta ló ń ráyè dáhùn nígbà tí àkàrà ń tutù?

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dun Láníhùn. Wúràọlá kì í kọrin.

Ó mọ̀ ọ́n kọ o! Nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ tóbi, ó sì kún. Lọ́jọ́ ìkórè kan, Ọ̀gá Sóyẹmí yìí kan náà, òun ni olórí akọrin, ló dá orin dúró lójú gbogbo ìjọ. Ó ní, "Wúràọlá, ohùn rẹ ti pọ̀ jù. Ìwọ máa la ẹnu lásán. Má jẹ̀ẹ́ kí nǹkan kan jáde." Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Háà! Ọdún méje gbáko lọmọbìnrin yìí fi ń la ẹnu lásán. Òun ló ń fọ aṣọ akọrin, òun ló ń fi sítáàṣì lọ̀ ọ́, tó bá sì di ọjọ́ Ìsinmi, á wọ tirẹ̀, á dúró láàárín wọn, á máa ya ẹnu bí ẹja. Ó dùn ún wọ egungun. Láníhùn náà, ohùn yẹn ló gbọ́ létí odò lọ́jọ́ kan tó fi ní òun ò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́, kò sì tún gbọ́ ọ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó.

Ẹ máa bi mí pé kí ló ń gbé wọn lọ sọ́gbà ọkùnrin yẹn. Ọgbà mìíràn wo ló wà? Òun nìkan ló ní ibi tó ní ìbòòji ní gbogbo ìlú, ó sì máa ń ṣí i sílẹ̀ fún ará ìlú ní Sátidé kí wọ́n lè wá yin òdòdó rẹ̀. Tọkọtaya náà a lọ tẹ́ ẹní sí ìpẹ̀kun pátápátá, lẹ́bàá pákó tó fi ṣe ọgbà yíká, níbi tí Ọ̀gá kò ti ní í gbúròó wọn.

Lọ́jọ́ kan, Láníhùn ń ta gìtá, Wúràọlá ń kùn lábẹ́ imú, ni wọ́n bá gbọ́ "fìn-ìn!" Wọ́n yíjú. Imú ẹlẹ́dẹ̀ kan ló wà láàárín pákó méjì, kò ju ìka kan lọ. Wúràọlá dákẹ́, imú fà sẹ́yìn. Ó tún kùn, imú tún padà dé.

"Olówó orí mi, ẹ ò rí i? Ohùn mi ló ń gbọ́!"

"Ohùn rẹ kẹ̀? Gìtá mi ńkọ́?"

"Ẹ ta á lọ́tọ̀, ká wò ó."

Láníhùn ta gìtá. Ó ta èyí tó dùn jù nínú gbogbo ohun tó mọ̀. Imú kò yọjú. Ó dun ọkùnrin náà díẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Wúràọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Wọ́n sọ ẹlẹ́dẹ̀ náà ní Alága, nítorí òde tí kò bá ní alága, ẹ̀yin náà mọ̀, kì í ṣe òde gidi.

Lẹ́yìn náà ni Wúràọlá wo imú yẹn pẹ́. Ó ní, "Eléyìí ò lè fi mí rẹ́rìn-ín." Ó bá rọra kọ ẹsẹ kan nínú orin tó fúnra rẹ̀ ṣe nídìí aṣọ fífọ̀:

*Òjò ṣú, ẹ kó aṣọ wọlé,*
*Ẹni tí kò láṣọ, kó kó ara rẹ̀ wọlé.*

Láníhùn kọjú sí ẹ̀yìn bí ẹni tó ń tún okùn gìtá ṣe, kí ìyàwó rẹ̀ má baà rí omi lójú rẹ̀. Ó yọ pẹ́ńsùlù tó máa ń há sétí, ó sì fa ìlà sára pákó níbi tí imú dé.

Ọgbọ́n dé sí i. Ó rò ó lọ́kàn pé tí imú bá lè wọlé sí i, ó ṣeé ṣe kí ohùn náà jáde sí i. Ní Sátidé kejì, bí Wúràọlá ṣe lọ ṣa ìyeyè báyìí, ó yọ ayùn kékeré nínú àpò gìtá, ó rẹ́ pákó bíńtín. Imú wọlé dé ojú, Wúràọlá kọ ẹsẹ méjì. Ní Sátidé kẹta, ó tún rẹ́ ẹ. Alága wọlé dé etí, Wúràọlá kọ orin náà parí. Káfíńtà tó ń tún nǹkan ìlú ṣe láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó bá di Sátidé, a máa bà á jẹ́! Nígbà tó fi máa fa ìlà karùn-ún, Wúràọlá ti ń kọrin tí ẹyẹ fi ń fò lórí igi. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní:

"Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún orin nínú ọgbà yìí ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kọrin níbẹ̀."

Láníhùn fò dìde. "Àríkẹ́! Ṣé ìwọ lò ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni. Tí mo bá ṣáà ti rí imú Alága, ẹ̀rù ò ní bà mí. Àmọ́ tí mi ò bá rí i, ẹnu lásán ni màá tún là, mi ò sì ní dán an wò mọ́ láyé."

Ẹ fetí sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni Ọ̀gá Sóyẹmí rán ìránṣẹ́ pe káfíńtà.

"Láníhùn, wo ihò yìí. Ikán ti fẹ́ jẹ ọgbà mi tán."

"Mo rí i, sà."

"Mi ò rí ikán tó ń jẹ pákó gún régé báyìí rí."

"Ikán ayé òde òní ni, sà. Wọ́n ti lajú."

"Lajú tàbí wọn ò lajú, kí n má rí ihò níbí lọ́jọ́ Sátidé. Olóyè Ọ̀tún ni alága àjọ̀dún wa. Kàn án pa!"

Ẹ ò rí wàhálà? Bó bá kàn án pa, ohùn ìyàwó rẹ̀ ló kàn pa. Bí kò bá kàn án, iṣẹ́ bàjẹ́, orúkọ bàjẹ́. Láníhùn wo òòlù, ó wo ìṣó, ó mí kanlẹ̀. Ó wá gbé pákó tuntun, ó kàn án níṣòó lókè, ó fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kó máa mì. Ọ̀gá Sóyẹmí wá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti òkè pákó náà, ó ní ó dáa. Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ láti fi imú ti ìsàlẹ̀ pákó, bí kò ṣe ẹlẹ́dẹ̀?

Ọjọ́ pé. Ọgbà kún. Ọ̀gá Sóyẹmí fúnra rẹ̀ ló ń pe àwọn olórin. Nígbà tó kan Wúràọlá, ó dìde, ó wo ìpẹ̀kun ọgbà. Kò rí imú kankan. Láníhùn ta ìbẹ̀rẹ̀ orin tó yẹ kí ìyàwó rẹ̀ fi wọlé, ó ta á lẹ́ẹ̀kejì, ó ta á lẹ́ẹ̀kẹta. Wúràọlá la ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Ẹlẹ́dẹ̀ wà lóde tó ń dúró de ohùn, ohùn wà nínú tó ń dúró de ẹlẹ́dẹ̀! Ẹnì kan ní, "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sójú Wúràọlá.

Ọ̀gá Sóyẹmí ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́rọ̀ lẹ́nu alága wa."

Láníhùn tẹ̀ sí etí ìyàwó rẹ̀. "Àríkẹ́, má kọ ọ́. Kùn ún. Kùn ún lábẹ́ imú bíi tọjọ́ àkọ́kọ́."

Wúràọlá kùn ún. Kò dé etí ẹni tó wà níwájú, ṣùgbọ́n ó dé etí ẹni tó ni ín.

Ọ̀gá Sóyẹmí gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dìde fún alága!"

Gbogbo èèyàn dìde, ni pákó bá dún gbàgà! Imú wọlé. Ojú tẹ̀ lé imú, etí tẹ̀ lé ojú, kò sì dúró síbẹ̀ mọ́: èjìká wọlé, ikùn wọlé, ìrù wọlé. Odindi ẹlẹ́dẹ̀! Àga ìyá ìyá mi ló kọ́kọ́ lọ, òdòdó Ọ̀gá tẹ̀ lé e, Olóyè Ọ̀tún bẹ́ sórí tábìlì, fìlà rẹ̀ bọ́, fìlà náà sì jókòó sí ẹlẹ́dẹ̀ lórí wẹ́kú. Àwọn ọkùnrin ń lé e, ó ń ké, wọ́n ń ké. Wọ́n há a mọ́ igun kan, ọ̀kan nínú wọn sì gbé kùmọ̀ sókè.

Wúràọlá rí kùmọ̀ yẹn. Ó gbàgbé Sóyẹmí, ó gbàgbé ẹ̀rín, ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó la ẹnu, ohùn ọdún méje sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà: "Òjò ṣú, ẹ kó aṣọ wọlé..."

Kùmọ̀ dúró lókè. Ẹlẹ́dẹ̀ náà dákẹ́, ó rọra rìn gba àárín èèyàn kọjá tòun ti fìlà olóyè, ó lọ dùbúlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó dé "kó kó ara rẹ̀ wọlé", gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín tọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Wọ́n bá a gbè é. Olóyè Ọ̀tún gbè é látorí tábìlì. Láníhùn ń ta gìtá, ó ń sunkún, kò tiẹ̀ nu ojú.

Orin parí. Ọ̀gá Sóyẹmí lọ gbé pákó tó já. Ó rí ihò lẹ́yìn rẹ̀, ó rí ìlà pẹ́ńsùlù márùn-ún lára pákó àtijọ́, ọ̀kan ju ọ̀kan lọ. Ó ní, "Káfíńtà! Ọgbà tí mò ń ṣọ́ lójoojúmọ́! Báwo ni odindi ẹlẹ́dẹ̀ ṣe wọ̀ ọ́ lójú mi?"

Láníhùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ má bínú, sà. Kò wọ̀ ọ́ lójijì. Imú rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Díẹ̀díẹ̀ ni, sà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Ẹ̀rín tún ta. Ṣùgbọ́n Wúràọlá ti dé ibi ihò náà, ó ń fi ìka tọ àwọn ìlà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yin lẹ ń rẹ́ ẹ?"

"Èmi ni, Àríkẹ́. Ohùn tí mo gbọ́ létí odò ni mo ń wá."

Wúràọlá fà á dìde, ó gbọn eruku lára agbádá rẹ̀. Ọ̀gá Sóyẹmí sún mọ́ wọn, ó ní, "Wúràọlá, níbo ni ohùn yìí wà láti gbogbo ọdún yìí wá?"

"Inú mi ló wà, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kó má jáde."

Ọ̀gá Sóyẹmí ṣí fìlà. "Mo ṣì í ṣe," ló ní. "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ bá wa kọrin lọ́la." Ẹ ò gbọ́ bó ṣe di "ẹ"?

Lọ́jọ́ kejì, Wúràọlá kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò la ẹnu lásán mọ́. Ìyá ìyá mi ní nígbà tí wọ́n kọ ẹsẹ kejì tán, òun rí imú kan lábẹ́ fèrèsé, kò ju ìka kan lọ. Òun wo Láníhùn. Láníhùn ń wo àjà, pẹ́ńsùlù wà létí rẹ̀. Ọ̀gá Sóyẹmí náà rí i. Ó rọra fa àga rẹ̀ kúrò nídìí fèrèsé, ó fàyè sílẹ̀.

Pákó onílà márùn-ún yẹn, ó wà nílé mi, òun ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ kó wá wò ó. Ẹni tí nǹkan há mọ́ nínú kó wá wò ó pẹ̀lú, kó wo bí ìlà àkọ́kọ́ ṣe kéré tó, kó tún wo ìkarùn-ún. Lẹ́yìn náà kó bi mí bí odindi ẹlẹ́dẹ̀ ṣe di ọmọ ìjọ ní Òkè-Ìyeyè. Màá dá a lóhùn: díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.